Fífa Ọjọ́ Àṣẹ Ìdáàbòbò Gùn: Ohun tí Ilé-Ẹjọ́ Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ẹni tí a Lù

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá ti pàṣẹ pé kí ọkùnrin kan má ṣe súnmọ́ obìnrin tí ó ti ń lù, tí ọjọ́ tí a dá fún àṣẹ náà sì ń parí lọ, kí ni ó yẹ kí obìnrin náà fi hàn kí ilé-ẹjọ́ tó fa ọjọ́ náà gùn? Ìbéèrè yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé kóòtù lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé inú rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn nípa ohun tí àṣẹ náà wà fún gan-an fi ara pamọ́ sí.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa. Òfin ìdílé jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nítorí náà a lè fi ìpínlẹ̀ kan wé èkejì kí a sì rí ibi tí èrò wọn ti pínyà. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Maryland, ní Texas, ní New Jersey àti ní California kò kéré níye, abẹ́ àwọn òfin wọ̀nyí ni wọ́n sì wà bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wọn. Àṣẹ tí ẹni tí a lù fúnra rẹ̀ lọ béèrè ní kóòtù ni a ń sọ, kì í ṣe ìjìyà tí ìjọba ń fi jẹ ọ̀daràn. A ó máa pe ẹni tí a dáàbò bò ní obìnrin, a ó sì máa pe ẹni tí àṣẹ dè ní ọkùnrin, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí jù. Òfin fúnra rẹ̀ kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo.

2. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ

‘Àṣẹ ìdáàbòbò’ ni a yàn láti pe ohun tí ilé-ẹjọ́ ń fi fún obìnrin náà. A lè pè é ní ‘ìwé ìkìlọ̀’, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kò ní ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn, èyí sì ní: ẹni tí ó bá rú u, ọlọ́pàá lè mú un. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ‘àṣẹ’ mú ìṣòro kan dání. Ní ọkàn Yorùbá, àṣẹ kì í kú fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó pa á ni ó ń tú u. Èyí tí a ń sọ yìí ní ọjọ́ ikú tirẹ̀ tí a ti kọ sí ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Ìṣòro kejì wà lórí ohun tí a ó pe iṣẹ́ tí ilé-ẹjọ́ ń ṣe nígbà tí ọjọ́ bá fẹ́ pé. Ọ̀rọ̀ tí òfin California àti ti Washington lò, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ gan-an, ‘sísọ dọ̀tun’ ni. Èyí tí Massachusetts àti Pennsylvania lò jẹ́ ‘fífà gùn’. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Ilé tí a bá fẹ́ sọ dọ̀tun, a ní láti tún wá amọ̀ àti igi. Okùn tí a bá fà gùn, okùn àná náà ni. Bí a bá ní ‘sísọ dọ̀tun’ ni, ọkàn adájọ́ lè lọ síbi ẹ̀rí tuntun. Bí a bá ní ‘fífà gùn’ ni, ohun tí a ti fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣì dúró, a kàn ń béèrè bóyá ó tó àkókò láti jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Ó yani lẹ́nu pé California, tí ó lo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wà lára àwọn tí ó kọ ọ́ sínú òfin wọn kedere pé a kò nílò ẹ̀rí ìwà ipá tuntun. Ìdí nìyí tí a ó fi máa lo ‘fífà gùn’ fún gbogbo wọn.

3. Gbèdéke

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe òfin irú èyí, ní 1976, ọdún 1 sì ni àṣẹ lè lò jù lọ nígbà náà. Ó ti di ọdún 3 báyìí. Ní Massachusetts, àṣẹ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ọdún 1 lọ. Bákan náà ni ti Maryland rí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, níbi tí a ti lè fi oṣù 6 kún un bí ìdí tí ó dára bá wà, tí a sì lè fi jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọkùnrin náà bá tún hùwà ipá. Texas ń fún ni ní ọdún 2, àfi bí ọ̀ràn náà bá burú púpọ̀. California ń fún ni tó ọdún 5. Títí di 2005, ọdún 3 ni. Bí adájọ́ California bá gbàgbé láti kọ ọjọ́ ìparí sínú ìwé, òfin fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di ọdún 3. New Jersey ni ó dá yàtọ̀ pátápátá: àṣẹ ìkẹyìn níbẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí rárá, ó wà títí ilé-ẹjọ́ yóò fi tú u.

Kí ló dé tí àwọn aṣòfin fi fi gbèdéke sí i? Ìdí kan tí kò ṣeé gbójú fò ni pé ẹ̀rí tí a fi ń gba àṣẹ yìí kò tó èyí tí a fi ń dá ènìyàn lẹ́bi ọ̀daràn. Ó tó bí ọ̀rọ̀ obìnrin náà bá wúwo díẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ lórí òṣùwọ̀n, síbẹ̀ ó lè lé ọkùnrin kúrò nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó rẹ̀, ó sì lè yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdí kejì, ní èrò tiwa, ni àbá kan tí a kì í sọ jáde: pé láàárín ọdún kan, tọkọtaya yóò ti parí ìjà tàbí kí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, ọ̀ràn yóò sì ti rọlẹ̀. Àbá yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìgbà tí obìnrin bá kúrò nílé gan-an ni ewu máa ń pọ̀ sí i, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àti ẹjọ́ lórí ọmọ sì lè gba ọdún púpọ̀, tí yóò máa mú àwọn méjèèjì pàdé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kóòtù kan náà.

Kí a sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àkíyèsí pé gbèdéke àṣẹ yàtọ̀ sí gbèdéke ìbéèrè. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2015 tí ó de ìwà ipá sí ènìyàn sọ pé kò sí ìgbà tí ó pẹ́ jù fún ẹni tí a hùwà ipá sí láti wá béèrè àṣẹ ìdáàbòbò. Èyí dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí a lè béèrè ni ó ń sọ. Kò dáhùn ìbéèrè tí ó wà níwájú wa.

4. Ìbéèrè tí adájọ́ ń bi obìnrin

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo bí ó ti ń rí. Ọdún ti pé. Obìnrin náà dúró níwájú adájọ́, ó ní òun fẹ́ kí a fa ọjọ́ gùn. Adájọ́ bi í pé, ‘Láti ìgbà tí a ti pàṣẹ yìí, ǹjẹ́ ó tún lù ọ́? Ǹjẹ́ ó wá sí ilé rẹ? Ǹjẹ́ ó tẹ̀ ọ́ láago?’ Obìnrin náà ní rárá. Adájọ́ ní, ‘Ó dára, kí wá ni o ń bẹ̀rù?’

Ìbéèrè yìí dún bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìdẹkùn ni. Bí ewúrẹ́ bá ti ń jẹ iṣu ẹni lóko, tí a wá ṣe ọgbà yí oko ká, tí ewúrẹ́ kò sì jẹ iṣu fún odidi ọdún kan, kò sí àgbẹ̀ tí yóò torí bẹ́ẹ̀ wó ọgbà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lè túmọ̀ sí pé ọkùnrin ti yí padà. Ó sì lè túmọ̀ sí pé àṣẹ ń ṣiṣẹ́. Láti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan, a kò lè mọ èwo ni. Bí adájọ́ bá wá sọ pé àfi kí ìwà ipá tuntun wà, ohun tí ó ń sọ ni pé kí obìnrin náà lọ dúró de ẹ̀ṣẹ́ kan sí i kí ó tó padà wá.

Àwọn aṣòfin rí èyí. Òfin Massachusetts sọ ọ́ pé àìsí ìwà ipá ní àkókò tí àṣẹ wà lórí kò tó, ní òun nìkan, láti kọ̀ láti fa ọjọ́ gùn. Ti California sọ pé a lè fà á gùn fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí a sọ ọ́ di ti títí láé, láìjẹ́ pé a fi ìwà ipá kankan hàn láti ìgbà tí a ti fi àṣẹ àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin sọ ohun tí a kò nílò, kò sọ ohun tí a nílò. Àwọn adájọ́ ni wọ́n wá dí àlàfo yìí.

Ní 2004, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní California ṣe àlàyé tí gbogbo ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà ń tẹ̀ lé títí di òní. Ọ̀nà méjì ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́. Ó ní pé obìnrin kàn fẹ́ kí àṣẹ máa bá a lọ kò tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni ìgbẹ́jọ́ wà fún? Ó sì ní kò di dandan pé kí ewu náà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí a ń wá ni ẹ̀rù tí ó jẹ́ òtítọ́ tí ó sì mọ́gbọ́n dání: pé ẹ̀rù ń ba obìnrin náà lóòótọ́, àti pé ẹni mìíràn tí ó bá wà ní ipò rẹ̀, tí ó ní ìtàn kan náà lẹ́yìn, yóò bẹ̀rù bákan náà. Ilé-ẹjọ́ náà tún sọ pé àwọn ohun tí ó mú kí a fi àṣẹ àkọ́kọ́ lélẹ̀ lè tó fúnra wọn nígbà mìíràn, bí wọ́n bá burú tó, àti pé ọkùnrin kò lè padà wá jiyàn pé irọ́ ni wọ́n. Okùn àná nìyẹn. Adájọ́ ní láti wo bóyá àwọn méjèèjì ti kúrò lójú ọ̀nà ara wọn débi pé ìdí ìjà ti tán. Kí ó sì wo bí ẹrù tí àṣẹ náà dì lé ọkùnrin ti wúwo tó, nítorí àṣẹ tí kò jẹ́ kí ènìyàn rí iṣẹ́ ṣe kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí ó kàn ní kí ó má ṣe gba àdúgbò kan kọjá.

Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti Massachusetts sọ tirẹ̀ ní 2005, ó sì le díẹ̀ ju ti California lọ. Ìbéèrè tí a fi gba àṣẹ ní ọjọ́ kìíní náà ni ó gbà pé kí a tún béèrè: ǹjẹ́ ẹ̀rù tí ó mọ́gbọ́n dání wà pé ìpalára ńlá ti ara súnmọ́ tòsí? Láti dáhùn rẹ̀, kí adájọ́ wo gbogbo rẹ̀ pọ̀: bóyá ọkùnrin ti rú àṣẹ rí, bóyá ẹjọ́ mìíràn lórí ọmọ tàbí lórí nǹkan mìíràn ń lọ tí ó lè ru inú sókè, bí ọkùnrin náà ti ń ṣe nínú kóòtù, bóyá wọn yóò máa pàdé níbi iṣẹ́ tàbí ní àdúgbò, àti ohun tí ó ti yí padà nínú ayé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. A fara mọ́ wíwo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó fún wa ni ọ̀rọ̀ ‘tòsí’ yẹn. Ewu tí a ti mọ ògiri sí kì í súnmọ́ tòsí. Ohun tí ògiri wà fún nìyẹn. Adájọ́ ní láti fojú inú wo bí ayé yóò ti rí ní ọjọ́ tí ògiri bá wó, kì í ṣe bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó ṣì dúró.

Pé a ti ṣe àlàyé kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ní 2014, ọdún 10 lẹ́yìn ìdájọ́ tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn California tún ní láti yí ìpinnu adájọ́ ìsàlẹ̀ kan padà tí kò fa ọjọ́ obìnrin gùn nítorí pé kò sí ìwà ipá tuntun. Obìnrin tí ó ní agbẹjọ́rò ni ó ń dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń béèrè àṣẹ yìí kò ní.

5. Ta ni kí ó sọ̀rọ̀?

Washington gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì wù wá jù. Níbẹ̀, bí obìnrin bá ti sọ ìdí tí ó fi fẹ́ kí a fa ọjọ́ gùn, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é, àfi bí ọkùnrin bá fi hàn pé nǹkan ti yí padà gidi àti pé òun kò ní padà sí ìwà òun nígbà tí àṣẹ bá parí. Òfin tuntun ìpínlẹ̀ náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2022, tún fi kún un pé a kò gbọdọ̀ torí pé ọkùnrin kò rú àṣẹ kí a kọ̀ fún obìnrin.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí ìyàwó bá fi ilé ọkọ sílẹ̀ nítorí lílù tí ó sì padà sí ilé baba rẹ̀, ẹbí ọkọ ni wọ́n ń wá bẹ̀bẹ̀, ọkọ ni ó sì ń ṣàlàyé ohun tí ó ti yí padà. Wọn kì í ní kí ìyàwó fi hàn pé wọ́n ṣì ń lù ú kí ó tó lè sun ilé baba rẹ̀ mọ́jú. Àmọ́ kí a má ṣe tan ara wa. Ilé baba kan náà yìí ni ó máa ń dá obìnrin padà kí ojú ara rẹ̀ tó jinná, nítorí ìtìjú, nítorí ọmọ, tàbí nítorí pé wọn kò fẹ́ dálémosú nínú agbo-ilé. Ohun tí a fi ń wé e ni ibi tí ẹrù àlàyé wà, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ náà ti ń parí.

Pennsylvania ní òfin kan tí ó kéré ṣùgbọ́n tí ó jinlẹ̀. Bí ọkùnrin bá wà ní ẹ̀wọ̀n tí a ó sì tú u sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 90, tàbí tí a ti tú u sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 90 tí ó kọjá, obìnrin lè béèrè pé kí a fa ọjọ́ gùn láìfi ìwà ipá tuntun kankan hàn. Kí òfin yìí tó wà, ọdún tí ọkùnrin fi wà lẹ́yìn odi ẹ̀wọ̀n ni àṣẹ ń fi ń gbó, tí òun yóò sì jáde bí tirẹ̀ bá ti ń kú lọ.

6. Ìbọn

Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa ìbọn kò lè mọ ìdí tí ọjọ́ ìparí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti 1994, òfin ìjọba àpapọ̀ ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹni tí irú àṣẹ yìí wà lórí rẹ̀ ní ìbọn, bí ó bá jẹ́ pé a fún un láǹfààní láti wá sọ tẹnu rẹ̀ kí a tó fi àṣẹ náà lélẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí òfin yìí, adájọ́ 8 sí 1. Ìdí pàtàkì kan nínú ìdájọ́ náà ni pé ìdènà náà jẹ́ ti ìgbà díẹ̀: ìgbà tí àṣẹ bá wà lórí ènìyàn nìkan ni ó ń dè é.

Èyí ni pé ọjọ́ tí àṣẹ bá parí ni ìdènà yìí náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ tí akọ̀wé kóòtù tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé kan ni ó ń sọ ìgbà tí ọkùnrin náà lè tún ra ìbọn, àfi bí ẹ̀bi mìíràn bá wà lọ́rùn rẹ̀. Bí obìnrin bá sì kó láti Maryland lọ sí Texas, òfin 1994 kan náà mú kí àṣẹ rẹ̀ bá a lọ, kí ọlọ́pàá Texas sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìparí ti Maryland ni yóò bá a lọ pẹ̀lú.

7. Ohun tí àwọn alátakò ń sọ

Àwọn tí kò fẹ́ kí ó rọrùn láti fa ọjọ́ gùn kò ṣaláìní ẹ̀rí. Ní California, ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó hùwà ipá sí ẹnìkejì rẹ̀ láàárín ọdún 5, òfin ti kọ́kọ́ gbà pé kò yẹ kí a fi ọmọ sí ọwọ́ rẹ̀, òun ni yóò sì bì í ṣubú. Fún àjèjì, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1996, bí kóòtù bá rí i pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà rú apá tí ó de ìwà ipá, ìdẹ́rùbà tàbí ìyọlẹ́nu nínú àṣẹ ìdáàbòbò, wọ́n lè lé e kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ọmọ wa tí ń wá ìwé ìgbélùú mọ ìtumọ̀ èyí. Bí àṣẹ bá wà fún ọdún 1, ọdún 1 ni ènìyàn yóò fi máa rìn jẹ́jẹ́. Bí ó bá jẹ́ títí láé, ìtẹ̀lé tàbí ìpè orí tẹlifóònù kan ní ọdún 15 lẹ́yìn náà lè fa wàhálà tí kò dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀.

A kò fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà ní New Jersey, níbi tí àṣẹ kò ti ní ọjọ́ ìparí. Ẹni tí àṣẹ dè lè padà wá sí kóòtù kí ó ní kí a tú u. Ní 1995, ilé-ẹjọ́ kan níbẹ̀ to ohun 11 tí adájọ́ yóò gbé yẹ̀ wò sílẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń lò ó títí di òní. Lára wọn ni bóyá obìnrin fọwọ́ sí i, bóyá ó ṣì ń bẹ̀rù, bóyá ọkùnrin ń mutí tàbí ó ń lo oògùn olóró, bóyá ó ti lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, bí ọjọ́ orí àti ìlera rẹ̀ ti rí, bóyá ẹ̀tanú ni obìnrin fi ń takò ó. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ó ń rìn wá sí kóòtù: ọkùnrin ni. Níbi tí gbèdéke bá wà, obìnrin ni yóò máa rìn, tí yóò máa gba àyè níbi iṣẹ́, tí yóò tún jókòó sí iyàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó lù ú, tí yóò sì sọ ohun tí ó ti sọ rí.

A kò wá sọ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ di New Jersey. Àṣẹ tí ó wà títí láé lè mú kí adájọ́ tí ó ń ṣiyèméjì kọ̀ láti fi í lélẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, èyí yóò sì burú ju àṣẹ ọdún 1 lọ. Gbèdéke ọdún díẹ̀ tí ó ní ọ̀nà ìfàgùn bí ti Washington ni ó dára jù lójú wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ òfin kì í sábà kọ nípa rẹ̀ nítorí pé kò ní ìjìnlẹ̀. Ní California, inú oṣù 3 tí ó kẹ́yìn àṣẹ ni obìnrin gbọ́dọ̀ ti mú ìbéèrè rẹ̀ wá. Bí ọjọ́ bá kọjá láìmọ̀, kò sí ohun tí a lè fà gùn mọ́. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí bí ẹni tí kò dé kóòtù rí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba àṣẹ ni ó ń rántí ọjọ́ tí a kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé ní ọdún 5 sẹ́yìn, pàápàá ẹni tí ó ti kó ilé ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wọn kí a má baà mọ ibi tí ó wà. Lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, ní oṣù 4 kí ọjọ́ náà tó pé, sí àdírẹ́sì tí obìnrin fúnra rẹ̀ bá yàn, kò nílò ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kankan.